Ilé Koríko tí ó Kọjú sí Ọgbà

Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ kọjá ní Mọníyà ní ọ̀sán gangan yóò rí ohun kan tí ó yẹ kí ó mú un ronú. Ilé titun wà níbẹ̀, ògiri rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù, òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù tí ń kọ mànà nínú oòrùn, ṣùgbọ́n bàbá tí ó ni ilé kò sí nínú rẹ̀. Ó ti gbé àga rẹ̀ lọ sí abẹ́ igi máńgòrò. Ìyá wà nínú àtíbàbà ìdáná tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, ó ń já ẹ̀fọ́. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn yóò dáhùn pé ooru inú ilé pọ̀. Ilé tí ó gba owó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ènìyàn, tí onílé kò sì lè jókòó sínú rẹ̀ láti aago 11 òwúrọ̀ títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kí a wádìí ohun tí ó ṣe é.

Ohun tí ó ṣe é kò jìnnà. Páànù a máa gba ooru oòrùn bí agbada orí iná, a sì máa da ooru náà sórí àwọn tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Koríko kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ há sí àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó há bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá, gẹ́gẹ́ bí òwú inú aṣọ òtútù kì í ti í jẹ́ kí otútù wọlé. Níti ariwo òjò pẹ̀lú, ẹni tí ó bá ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ mọ̀ pé ìwàásù a máa dúró fún páànù. Abẹ́ koríko kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń bèèrè ní ìgbà tiwa yìí bóyá ó ṣeé ṣe láti kọ́ ilé tí ó mọ́, tí ó ní iná mànàmáná àti omi ẹ̀rọ, kí a sì fi koríko bò ó, kí ó sì ṣí sí ọgbà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe koríko nìkan ni ó mú ilé àwọn baba wa tutù. Ẹni tí ó bá fi koríko lé orí ilé tí a yàwòrán rẹ̀ fún páànù yóò kábàámọ̀ kí ọdún kejì tó pé.

Agbo ilé Yorùbá ní àtijọ́ jẹ́ onígun mẹ́rin. Ògiri amọ̀ yí i ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń ní sí ìta. Inú ni ilé kọjú sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yí àgbàlá ká, iyàrá sì wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iyàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé oorun sísùn àti ẹrù nìkan ni a fi í ṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ń gbé ní tòótọ́. Níbẹ̀ ni a ti ń jẹun, níbẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, níbẹ̀ ni a sì ti ń parí ìjà. Àgbàlá tí ó wà ní àárín ń mú ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wọlé. Òjò tí ó bá rọ̀ sí òrùlé ń ṣàn sínú rẹ̀, àwọn obìnrin a sì gbé ìkòkò sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti gbà á.

Lókè iyàrá, lábẹ́ koríko, ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé, èyí ni àjà. A tẹ́ igi láti orí ògiri kan dé èkejì, a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ kí ó nípọn. Lórí àjà ni a ń kó ohun ìní pamọ́ sí. Amọ̀ náà kì í jẹ́ kí ooru sọ̀ kalẹ̀. Bí iná bá sì mú koríko, àjà a máa gba ohun tí ó wà nínú iyàrá là ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Koríko tí a fi ń bo ilé yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbòdògí ni. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, bẹẹrẹ ni. Bẹẹrẹ níyì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin fi ń kó o wá sí Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀, láti fi bo ààfin, àjọ̀dún rẹ̀ sì ni a ń pè ní ọdún Bẹẹrẹ. Kọ̀bì, èyí tí í ṣe òrùlé gíga tí ó yọrí síwájú ààfin, ọba nìkan ni ó tọ́ sí. Ìjòyè tí ó bá kọ́ ọ sí ilé ara rẹ̀ ń wá ìjà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé òrùlé àwọn tálákà ni koríko kò tí ì gbọ́ ìtàn ilẹ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn baba wa kò fi koríko sílẹ̀ nítorí òmùgọ̀. Iná ni ó lé wọn. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ohun gbogbo gbẹ, ẹ̀ta iná kan láti ibi ìdáná lè jó agbo ilé púpọ̀ ní ọ̀sán kan. Wọ́n a máa wí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọba ní ìlú tí yóò bá a kọ́ òmíràn, àgbẹ̀ kò sì ní. Iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kì í tán, nítorí pé lọ́dọọdún ni a ń wá ibi tí ó ń jò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí owó kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lẹ́yìn náà, páànù di ohun tí àgbẹ̀ lè rà, ó sì rà á. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn aláwọ̀ funfun. Ní 1613, ní ìlú London, a yin ìbọn ńlá nínú ilé eré tí a ń pè ní Globe nígbà tí eré kan ń lọ lọ́wọ́; iná ìbọn náà mú koríko òrùlé, ilé náà sì jó kanlẹ̀. Lẹ́yìn iná ńlá tí ó run apá púpọ̀ nínú ìlú náà ní 1666, ó ju 300 ọdún lọ kí a tó tún gbà kí ẹnikẹ́ni fi koríko bo ilé níbẹ̀. Ilé tí a kọ́kọ́ gbà fún ni Globe titun, tí a ṣí ní 1997, a sì fi ẹ̀rọ omi sí orí òrùlé rẹ̀ tí ó lè tú omi sí koríko bí iná bá yọ. Àwọn ará London kò padà sí koríko ní bí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ronú sí ohun tí ó lé wọn.

Nígbà tí àwa ju koríko sílẹ̀, a ju ohun méjì mìíràn pẹ̀lú rẹ̀ tí kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan: àjà amọ̀ àti àgbàlá. Òpó ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọ̀gbẹ́ni Francis Kéré, tí a bí ní 1965 ní abúlé Gando ní ilẹ̀ Burkina Faso, lọ kọ́ iṣẹ́ ilé yíyàwòrán ní ilẹ̀ Jámánì. Nígbà tí ó padà wá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún abúlé rẹ̀, èyí tí a parí ní 2001, páànù ni ó lò, nítorí òjò. Ṣùgbọ́n ó fi bíríkì amọ̀ ṣe àjà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì gbé páànù náà ga kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ kọjá láàárín wọn, kí ó sì gbé ooru lọ. Àwọn ará abúlé ni ó bá a po amọ̀. Ní 2022 ni a fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí kò sí ẹ̀bùn tí ó jù ú lọ fún àwọn ayàwòrán ilé, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Àjà tí ó kún àwọn abúlé wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Ní Ìbàdàn tiwa pẹ̀lú, Ọ̀gbẹ́ni Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko tí a bí ní 1935, yàwòrán ilé ìsìn fún àwọn àlùfáà Dominican ní àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ilé yíyàwòrán, ó sì ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ilẹ̀ pupa tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, àti àgbàlá tí ó ṣí sí ojú ọ̀run, wà lára ohun tí a fi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2023, ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ilé koríko ti lè rí ní Mọníyà. Ká ní àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100 ní gígùn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, àti ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú. Kí ó má ṣe gbé ilé sí àárín ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nísinsìnyí, tí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń di ọ̀nà tóóró tí kò wúlò fún ohunkóhun ju kí ewúrẹ́ kọjá lọ. Kí ó fi ilé sún mọ́ ìhà àríwá, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 8 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti 8 ní ìhà ìlà oòrùn, kí ó sì jẹ́ kí ilé nà ní 45 ní gígùn àti 20 ní ìbú. Ẹsẹ̀ bàtà 22 ni yóò kù níwájú, ní ìhà gúúsù, fún ọgbà.

Ìdí tí a fi ń kọ ojú ilé sí gúúsù ni èyí. Atẹ́gùn tí ń mú òjò wá ń fẹ́ láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn. Yóò la ọgbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì wọlé ní tútù. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti ìhà àríwá òun ìlà oòrùn pẹ̀lú eruku rẹ̀; ẹ̀yìn ilé ni yóò bá, níbi tí fèrèsé kéékèèké wà tí a lè tì. Ìhà ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti ń wọlé ní ìdúró, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà kí ògiri ìhà méjèèjì náà má ní fèrèsé ńlá. Oòrùn ọ̀sán kò ṣòro fún wa, nítorí pé ní ilẹ̀ Ìbàdàn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí ní gbogbo ọdún, etí òrùlé sì lè bo ògiri mọ́lẹ̀ fún un.

Nínú ẹsẹ̀ bàtà 20 ìbú ilé, kí 13 jẹ́ ti iyàrá, kí 7 tí ó kù jẹ́ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí ọgbà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó bá dín sí 6 kò wúlò: bí a bá gbé tábìlì sí i, kò sí ọ̀nà láti kọjá. Iyàrá mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 11, àti pálọ̀ kan tí ó jẹ́ 12 ní àárín wọn, yóò gba 45 náà tán. Kí ilẹ̀kùn pálọ̀ gbòòrò tó ẹsẹ̀ bàtà 8, kí ó sì jẹ́ èyí tí a ń ká sí ìhà méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá ṣí i ní òwúrọ̀, pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ọgbà yóò di ọ̀kan. Bí àdúrà ilé bá kó ènìyàn jọ, kò sí ẹni tí yóò dúró ní ìta.

Ilẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ ga kúrò lórí ilẹ̀ ọgbà ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Kí ìpìlẹ̀ jẹ́ òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù, nítorí ikán àti nítorí omi. Lórí ìpìlẹ̀ yìí, ògiri amọ̀ pupa tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, tí a sì fún mọ́ra nínú ẹ̀rọ bíríkì, tó fún ilé tí kì í ṣe alájà méjì. Ògiri àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọn ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8.

Níti òrùlé, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ti ń ṣì í ṣe, nítorí pé páànù ni wọ́n mọ̀. Páànù lè tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó má jò; koríko kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ sáré kúrò lórí koríko kí ó tó ráyè wọnú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò jẹrà láti òkè wá. Òfin rẹ̀ rọrùn: kí gíga òrùlé jẹ́ ìdajì ìbú rẹ̀. Níwọ̀n bí ilé wa ti fẹ̀ ní 20, kí ṣónṣó òrùlé ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 lórí òpó. Kí koríko nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí etí rẹ̀ sì yọ kọjá òpó àti ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀, láti gba ògiri amọ̀ lọ́wọ́ òjò. Nígbà tí a bá ṣe é tán, etí òrùlé yóò wà ní ẹsẹ̀ bàtà 7 sí ilẹ̀ ọgbà, tí ọkùnrin gíga kò ní fi orí gbá a. Igi tíìkì tí ó tọ́, tí ó sì gbó, dára fún àwọn igi òrùlé. Ọparun dára fún èyí tí a ó di koríko mọ́, bí a bá kọ́kọ́ rì í sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí kòkòrò má baà lù ú.

Kí àjà amọ̀ wà lókè iyàrá kọ̀ọ̀kan, láìyọ pálọ̀ sílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni kí a fi sílẹ̀ láìní àjà, kí ojú lè máa rí ẹwà koríko láti ìsàlẹ̀.

Wòlíì Jeremáyà, nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, fi ilé kíkọ́ àti ọgbà gbíngbìn sínú àṣẹ kan náà. Ní Mọníyà lónìí, láti ìgbà tí a ti ṣí ibùdókọ̀ ojú irin titun ní 2021, ilẹ̀ ń gbówó lórí sí i, àwọn onílé sì ń fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá láti ògiri dé ògiri, wọ́n ní kí ó lè mọ́. Kò sí ibi tí omi lè wọlẹ̀ mọ́. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà. Ṣùgbọ́n onílé ni ó ń la ọ̀nà fún un. Àwọn ará Ìbàdàn kò tí ì gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún bo ìlú, tàbí ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí omi tún gbé ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Omi tí ó ṣàn kúrò ní àgbàlá ẹnì kan ní òkè yóò dé ilé ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀.

Nítorí náà kí ọgbà mu omi tirẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 25, ìhà òrùlé tí ó kọjú sí ọgbà nìkan yóò da omi tí ó tó 50 kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 sílẹ̀. Omi orí koríko a máa pọ́n bí omi àgbo, kò dára fún mímu, ṣùgbọ́n kò ṣe ohun ọ̀gbìn ní ibi. Lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kí a gbẹ́ ojú omi tí kò jìn, kí a sì to yangí tàbí àpáàdì sínú rẹ̀, kí omi má baà gbẹ́ ilẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, a ti hú àgbàlá tí a fi àpáàdì tò ní ìdúró, iṣẹ́ tí ó ti ju 500 ọdún lọ, ó sì dúró ṣinṣin síbẹ̀. Láti ojú omi yìí, kí omi ṣàn lọ sí ibùsùn ẹ̀fọ́.

Ní ibùsùn tí ó sún mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a gbin ohun kúkúrú: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ata àti efinrin, kí ìyá lè já ohun tí yóò sè láìwọ bàtà. Ìlá àti ewúro kí wọn wà lẹ́yìn wọn. Igi ọsàn àti ìbẹ́pẹ kí wọn wà ní ìpẹ̀kun ọgbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó wà ní ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Kí a má ṣe gbin igi ńlá tí ẹ̀ka rẹ̀ yóò yọ sórí koríko: ewé rẹ̀ yóò máa jẹrà sórí òrùlé, òjìji rẹ̀ kì yóò sì jẹ́ kí koríko gbẹ lẹ́yìn òjò. Òrùlé koríko tí kò rí oòrùn kì í pẹ́.

Níti ìlera, òtítọ́ kan wà tí àwọn tí ń yin ilé koríko kì í sọ. Ẹ̀fọn tí ń fa ibà fẹ́ràn rẹ̀. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2019 láti ilẹ̀ Gambia fi hàn pé ẹ̀fọn a máa kú púpọ̀ sí i ní ọ̀sán nínú ilé onípáànù, nítorí ooru. Abẹ́ koríko tutù fún ènìyàn, ó sì tutù fún ẹ̀fọn pẹ̀lú. Àlàfo tí ó wà láàárín orí ògiri àti òrùlé ni ọ̀nà tí ó máa ń gbà wọlé ní òru. Ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ Gambia kan náà ni àtúnṣe rẹ̀ ti wá. Ní 2009 ni a tẹ ìwádìí mìíràn jáde, pé nígbà tí a fi àwọ̀n sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí a sì dí àlàfo òkè ògiri, ẹ̀fọn tí ń wọlé dín kù ju ìdajì lọ, àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọdé sì dín kù pẹ̀lú. Àjà amọ̀ yóò dí àlàfo náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó kù ni àwọ̀n sí gbogbo fèrèsé, àti ilẹ̀kùn alawọ̀n tí ń tì fúnra rẹ̀, àti nẹ́ẹ̀tì lórí ibùsùn. Efinrin dára nínú ọbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e láti lé ẹ̀fọn. Ilé tí kò bá lè ní àwọ̀n, kí ó má ṣe ní koríko, pàápàá bí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún bá wà nínú rẹ̀.

Mose pàṣẹ pé ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun gbọ́dọ̀ mọ ògiri kékeré yí etí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má sì di ti onílé. Nínú ilé koríko, iná ni a ń mọ ògiri sí. Ní àtijọ́, èéfín ìdáná ni ó ń lé kòkòrò kúrò nínú koríko, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin jẹ́. Kí ilé ìdáná wà lọ́tọ̀, kí páànù wà lórí rẹ̀, kí ó sì wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, ní ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ilé, kí ọyẹ́ lè máa gbé ẹ̀ta iná lọ kúrò lọ́dọ̀ koríko ní àkókò tí ó gbẹ jù. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Pátákó sólà kí ó wà lórí páànù náà. Gbogbo wáyà kí ó gba inú páìpù, lábẹ́ àjà, kí ọ̀kankan má ṣe gba inú koríko. Kí àgbá omi ńlá àti àkàbà gígùn wà ní ọgbà nígbà gbogbo, kí a sì ro ilẹ̀ yí ilé ká kí oṣù Kejìlá tó dé, nítorí àwọn tí ń sun ìgbẹ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ilẹ̀ tí ó há kò gba ilé koríko. Ní àárín ìgboro Mọníyà tàbí Ọ̀jọ̀ọ́, níbi tí ibi ìdáná aládùúgbò fi ara kan ògiri, páànù ni kí a lò, kí a gbé e ga lórí àjà amọ̀, kí a sì kọ ojú ilé sí ọgbà gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù bí ti koríko. Ní abúlé tí ilẹ̀ ti wà ni koríko ti tọ́, kí onílé sì kọ́kọ́ mú àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ilé kíkọ́, kí a má baà fi àmì pupa sí ògiri rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ná owó tán.

Ìdènà tí ó kù wà nínú ilé fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ó wà ní Èkó yóò gbọ́, yóò sì wí pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí ayé máa sọ pé àwa ọmọ yín kò tọ́jú yín ni?" Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ìfẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, àti ìtìjú. Kí bàbá má ṣe bá a jà. Kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo sí ọgbà, kí ó fi koríko bò ó dáradára, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà jókòó sí abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán oṣù Kẹta nígbà tí ó bá wá sí ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà yóò sì fi han bàbá fúnra rẹ̀ bóyá ó lè rí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, nítorí pé àwọn tí ó mọ koríko bò ti ń darúgbó, wọn kò sì ní ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan kí ó fi ọmọkùnrin kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Koríko tí ó gbó, tí ó sì gbẹ lórí ìdúró, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kíní, ni a ń gé. Èyí tí a bá gé ní tútù yóò hu olú. Kí a dì í ní ìdì ìdì, kí a tò ó dúró lábẹ́ àtíbàbà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a gbọn ewé àti irúgbìn rẹ̀ dànù, kí eku má baà rí oúnjẹ nínú rẹ̀. Kí igi òrùlé ti dúró kí oṣù Kejì tó parí, kí a sì parí bíbò rẹ̀ kí òjò oṣù Kẹta tó bẹ̀rẹ̀, láti etí òrùlé lọ sókè títí dé ṣónṣó. Ẹni tí iná ìgbẹ́ bá ṣáájú rẹ̀ dé pápá, àfi kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀.